Ẹ Bi Wá: Kẹ̀kẹ́ Gígùn Láàrin Odi Omi Àwọn Dutch

Láti ìgbà tí mo ti fẹnu ba ọ̀nà kẹ̀kẹ́ Gorinchem, ní Nẹ́dálándì ilẹ̀ àwọn Dutch, nínú ìwé ìròyìn yìí ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé, London, Èkó, Delft, gbogbo yín ṣáà fẹ́ lọ. Mo ṣa díẹ̀ jọ, mo sì gé àwọn tó gùn jù kúrú, ẹ má bínú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Dordrecht, ní Nẹ́dálándì, ní tí a bá wá sọ́dọ̀ òun nígbà ooru, òun máa mú wa gun kẹ̀kẹ́ lọ wo àwọn odi ogun àtijọ́ pẹ̀lú ìlú àtijọ́ kan létí odò. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, láti ìgbà tí mo ti kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì mi ò gun kẹ̀kẹ́ mọ́, ọkọ mi sì ti ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé ó ṣe é ṣe? Kí la tiẹ̀ fẹ́ lọ wò níbẹ̀ gan-an? (Ìyá Ìbejì, Peckham)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o. Ó ṣe é ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ kí Daddy máa rẹ́rìn-ín wọn lọ, tí wọ́n bá dé orí dáìkì tán wọn ò ní rí èémí tí wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn ìyá àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún máa sáré kọjá lára yín níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì ọjà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹ má jẹ́ kó dùn yín, bátìrì ló wà nídìí tiwọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí òkè àfi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tó gorí dáìkì, ìyẹn ebè gàgàrà tí wọ́n fi erùpẹ̀ mọ sẹ́bàá odò kí omi má baà ya wọ ìlú. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni atẹ́gùn. Orí dáìkì ò fi bẹ́ẹ̀ ní igi, kò ní ilé tó máa dí i, tí atẹ́gùn bá dojú kọ yín, ńṣe ló máa dà bíi pé ẹnì kan di ẹ̀wù yín mú látẹ̀yìn.

Bí mo ṣe máa ní kẹ́ ẹ gbà á rèé. Ẹ wọ rélùwéè láti Dordrecht lọ sí Gorinchem (àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Gorkum, ibì kan náà ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà yín lọ́kàn rú). Ẹ gba ẹnubodè Dalempoort jáde nínú ìlú, 1597 ni wọ́n kọ́ ọ, òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú ẹnubodè mẹ́rin tí ìlú yẹn ní láyé àtijọ́, ẹ wá kọjú sí ìlà oòrùn lórí dáìkì odò Waal. Ẹ máa kan Fort Vuren, ẹ sinmi níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti sinmi tán ẹ máa bọ̀ títí dé Herwijnen, ẹ wọ fẹ́rì sọdá sí Brakel, ẹ yíjú padà sí ìwọ̀ oòrùn lọ sí ilé olódi Loevestein, fẹ́rì kékeré kan máa gbé yín láti ibẹ̀ dé Woudrichem, òun ni ìlú àtijọ́ tí àbúrò yín ń sọ, fẹ́rì míì sì tún wà níbẹ̀ tó máa dá yín padà sí Gorinchem. Gbogbo ẹ̀ ò tó 30 kìlómítà, ẹ sì máa ti fẹsẹ̀ kan ìpínlẹ̀ mẹ́ta kílẹ̀ tó ṣú: Gúúsù Holland, Gelderland, àti Àríwá Brabant.

Ìdí tí mo fi ní ìlà oòrùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dorí kọ ni pé ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ibẹ̀ sábà máa ń ti fẹ́ wá. Ó máa tì yín lẹ́yìn níbi tó gùn, ibi tó ti máa kọjú yín ò ju bíi 6 tàbí 7 kìlómítà lọ, lẹ́yìn ìyẹn inú fẹ́rì lẹ máa jókòó sí. Ẹlòmíì máa ní kẹ́ ẹ yí i po, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sí Woudrichem. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lọ wò ńkọ́? Mi ò ní parọ́ fún yín, àwọn odi yẹn ò gbéra ga rárá. Ẹ lè kọjá lára òmíì kẹ́ ẹ má mọ̀, koríko ló hù bò ó, ẹ máa rò pé òkìtì lásán ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀tá má baà rí ibi tí wọ́n máa yin àgbá sí. Fort Vuren tiẹ̀ ṣì hàn díẹ̀, ilé bíríkì roboto kan ni, àwọn ọdún 1840 ni wọ́n kọ́ ọ, yàrà omi yí i ká, inú ẹ̀ tutù rinrin kódà lọ́sàn-án gangan, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ibi tí àlejò lè sùn mọ́jú. Ẹ sún mọ́ ojú ihò tí wọ́n ń yọ ẹnu ìbọn sí, ẹ wo bí ògiri yẹn ṣe nípọn tó, ẹ máa mọ̀ pé àwọn tó kọ́ ọ ò fi ẹ̀rù àgbá ṣeré. Nínú ọ̀pọ̀ odi míì lágbègbè yẹn àwọn àdán ló ń sùn síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ òtútù dé òpin ẹ̀, òfin sì dáàbò bò wọ́n, torí náà tẹ́ ẹ bá rí yàrá tí wọ́n tì pa, ẹ má kanlẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti dúró pẹ́ ni orí dáìkì fúnra ẹ̀, ní ìrìn yín àkọ́kọ́ yẹn. Odò máa wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, ọkọ̀ ẹrù gbọọrọ gbọọrọ ń kọjá lórí ẹ̀, pápá ilẹ̀ ọ̀gbun tí màlúù ti ń jẹko máa wà lọ́wọ́ òsì. Pápá yẹn ni ohun ìjà. Odi kàn ń ṣọ́ ọ ni. Lẹ́tà tó kàn máa jẹ́ kó yé yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ pé omi tí kò ju orókún lọ ni wọ́n fẹ́ fi dá odindi ogun dúró. Ṣé àlọ́ ni àbí òótọ́? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Delft)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, àbúrò, bí omi yẹn ò ṣe jìn yẹn gan-an ni iṣẹ́ ẹ̀.

Nieuwe Hollandse Waterlinie ni wọ́n ń pe ìlà odi yẹn, ó gùn tó 85 kìlómítà, láti Muiden nítòsí Amsterdam títí dé Biesbosch ní gúúsù. Ní 1815 ni ọba wọn, Willem Kìíní, fọwọ́ sí i, Cornelis Krayenhoff tó jẹ́ ọ̀gágun onímọ̀ ẹ̀rọ ló sì wà nídìí ètò náà. Tógun bá ń bọ̀, wọ́n á ṣí àwọn ìlẹ̀kùn omi, omi odò á ya bo pápá tó fẹ̀ tó 3 sí 5 kìlómítà, wọ́n á wá ti ìlẹ̀kùn yẹn padà nígbà tí omi bá ti tó bíi 40 sí 50 sẹ̀ńtímítà. Ó ti tán. Ọkọ̀ ojú omi ò lè rìn nínú ẹ̀ torí kò jìn tó, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tó ń gẹṣin, ẹni tó ń wọ́ àgbá, àwọn náà ò lè rìn ín torí wọn ò rí ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀: pápá àwọn Dutch kún fún kòtò tí àgbẹ̀ gbẹ́ láti fi fa omi kúrò lóko, omi ti wá bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣọ́jà á gbé ẹsẹ̀ kan ó máa kan orókún, á gbé èkejì ó máa bá ara ẹ̀ nínú omi tó dé àyà pẹ̀lú ìbọn àti ẹrù lẹ́yìn. Ìwọ náà gbìyànjú ẹ̀ wò nínú ọkàn ẹ, kìlómítà 3, tí wọ́n tún ń yìnbọn sí ẹ láti òdìkejì.

Ibi tó máa gbẹ nínú gbogbo ìyẹn ni orí dáìkì, títì tó ga, àti ojú rélùwéè. Ibẹ̀ ni ọ̀tá máa fẹ́ gbà, ibẹ̀ sì ni wọ́n kọ́ odi sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ fi ń pàdé odi kan lẹ́yìn òmíì, kì í ṣe pé ẹni tó ya ọ̀nà yẹn gbọ́n ju ẹlòmíì lọ, orí dáìkì tí à ń gbà gun kẹ̀kẹ́ yẹn ni ogun ì bá gbà wọlé.

Kì í ṣe 1815 ni ọgbọ́n yìí bẹ̀rẹ̀ o. Ní 1672 tí Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé, kó ogun wọ ilẹ̀ wọn, omi ni wọ́n fi dá a dúró, Gorinchem sì wà lára ìlú tó wà lórí ìlà ìgbà yẹn. Inú àwọn àgbẹ̀ ò dùn sí i rárá, àwọn kan bá wọn fa wàhálà nídìí ìlẹ̀kùn omi, ó sì yé mi, ta ló máa dúró kí wọ́n máa fi omi pa oko òun run lójú òun? Ohun tó lè ba ọgbọ́n yìí jẹ́ ni yìnyín. Nígbà òtútù 1794 wọ 1795 omi dì gbagidi, àwọn ọmọ ogun Faransé sì rìn kọjá lórí ẹ̀ wọ̀lú.

Ìlà tuntun yìí ní tiẹ̀, wọ́n kó ṣọ́jà síbẹ̀ ní 1870 nígbà tí Faransé àti Prussia ń bára wọn jà, wọ́n tún kó wọn síbẹ̀ ní 1914, àti ní 1939, síbẹ̀ ogun kankan ò kọjú ìjà sí i rí. Ní May 1940 ọkọ̀ òfuurufú Jámánì fò ó kọjá lórí, wọ́n ju bọ́ǹbù sí Rotterdam lọ́jọ́ 14 oṣù yẹn, àwọn Dutch sì túúbá. Àwọn kan máa ń sọ pé owó dànù ni gbogbo odi yẹn. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀, pé olè ò já ilẹ̀kùn kan rí ò túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn yẹn ò wúlò, ṣùgbọ́n ẹ lè bá mi jiyàn.

Ohun kan tó yẹ kó o fojú wá tó o bá ń lọ: àwọn ilé onípákó tó wà nítòsí odi. Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní 1853 tó ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sítòsí odi, pákó ni kó fi kọ́ ọ, kò gbọdọ̀ lo bíríkì, kó lè yá láti dáná sun tógun bá dé, kí ilé má baà dí ojú àwọn tó ń yin àgbá. Àwọn kan nínú ilé yẹn ṣì wà lónìí, èèyàn ń gbé inú ẹ̀. Fojú inú wò ó ná, kó o máa sanwó ilé tí ìjọba ti ṣàdéhùn àtisun. UNESCO ti fi ìlà náà kún ogún àgbáyé ní 2021, pẹ̀lú èyí tó yí Amsterdam ká tó ti wà níbẹ̀ látọdún 1996.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn Dutch yìí kọ́ ló ni Elmina níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú? Kí ló dé tí a ó tún máa náwó lọ wo odi wọn? (Ọmọ Ìjẹ̀bú, Èkó)

ÌDÁHÙN: Àwọn náà ni. Àwọn Potogí ló kọ́ odi Elmina ní Ghana ní 1482, àwọn Dutch gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1637, wọ́n sì dì í mú títí di 1872 tí wọ́n gbé e fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún ní ibùdó ní Offra létí òkun tó wà ní Benin báyìí, wọ́n ń ra èèyàn níbẹ̀ náà. Odi tí à ń sọ nínú lẹ́tà yìí yàtọ̀, ààbò ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi ṣe, wọn ò kó ẹrú síbẹ̀. Ẹ má pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé wọn ò tan mọ́ra. Ní 1621 ni amòfin wọn kan, Hugo de Groot, sá jáde lẹ́wọ̀n Loevestein (ìtàn ẹ̀ wà nísàlẹ̀), ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fún West India Company, iléeṣẹ́ òwò orí òkun àwọn Dutch, ní ìwé àṣẹ, iléeṣẹ́ yẹn ló wá gba Elmina. De Groot fúnra ẹ̀ ti kọ̀wé ní 1609 pé òkun ò ní olówó, ẹni tó bá wù lè tukọ̀ lórí ẹ̀ kó lọ ṣòwò, àwọn oníṣòwò Dutch tó ń lọ sí Ìlà Oòrùn Éṣíà ló sì fi ọ̀rọ̀ yẹn gbè lẹ́yìn. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò, òkun ò ní olówó, èèyàn tó wà nínú ọkọ̀ ní olówó. Ní ọjọ́ kìíní July 2023 ni ọba wọn, Willem-Alexander, wá tọrọ àforíjì ní gbangba lórí òwò ẹrú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ, kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń wò. Tí ẹ ò bá fẹ́ lọ, mi ò ní bá yín jà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè yá kẹ̀kẹ́ ní stéṣàn ibẹ̀ pẹ̀lú káàdì báǹkì London mi? Ṣé dandan ni hẹ́límẹ́ẹ̀tì? (Bọ̀dá kan ní Croydon)

ÌDÁHÙN: Kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò àti búlúù tẹ́ ẹ máa ń rí ní stéṣàn, OV-fiets, káàdì ìrìnnà tí wọ́n forúkọ ẹni ṣe ló ń lò, àlejò ọjọ́ mélòó kan kì í ní in. Ẹ yá ti ṣọ́ọ̀bù aládàáni, kẹ́ ẹ sì ti bá wọn sọ ọ́ ṣáájú tó bá jẹ́ wíkẹ́ńdì. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì kì í ṣe dandan, ẹ sì máa rí i pé díẹ̀ ló ń dé e.

Bíréèkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ibẹ̀ ni kò ní bíréèkì ọwọ́ lẹ́yìn, pẹ́dàlì lẹ máa tẹ̀ sẹ́yìn kó tó dúró. Ẹni tí kò mọ̀ á máa fọwọ́ wá ohun tí kò sí níbẹ̀, lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dáìkì, tí fẹ́rì ń bẹ nísàlẹ̀. Ẹ yí i ká ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù yẹn díẹ̀ ná.

Òfin tó ku: ẹ ò gbọdọ̀ mú fóònù lọ́wọ́ lórí kẹ̀kẹ́, látọdún 2019 ni, owó ìtanràn ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Tẹ́ ẹ bá rí àwọn eyín funfun ṣóńṣó tí wọ́n kùn sójú títì tó ń nasẹ̀ sí yín, ẹ dúró, ẹlòmíì ló kọ́kọ́ ní ọ̀nà. Ẹ ò nílò máàpù púpọ̀, nọ́ńbà wà ní ìkòríta kọ̀ọ̀kan lórí pátákó funfun aláwọ̀ ewé, ẹ kọ nọ́ńbà tẹ́ ẹ fẹ́ gbà sórí bébà, ẹ so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé e. Ètò nọ́ńbà yẹn, Bẹ́ljíọ̀mù ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1995 kí àwọn Dutch tó gbà á.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀sán kan péré la máa ní. Nínú Loevestein àti Woudrichem, èwo ni ká yàn? (Tọkọtìyàwó, Manchester)

ÌDÁHÙN: Tó bá jẹ́ ìtàn lẹ fẹ́, Loevestein. Láàrin 1350 sí 1400 ni wọ́n kọ́ ọ, níbi tí odò Waal àti Maas ti pàdé, lẹ́yìn náà ló di ẹ̀wọ̀n àwọn tó bá ìjọba ṣọ̀tá. Hugo de Groot yẹn, amòfin tí orúkọ ẹ̀ ti kàn káàkiri, ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n jù ú sí ní 1619. Wọ́n jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀, Maria van Reigersberch, máa bá a gbé níbẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé àpótí ńlá kan wọlé tó kún fún ìwé, wọ́n á gbé e jáde pẹ̀lú ìwé tó ti kà tán àti aṣọ tó fẹ́ fọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń tú u wò. Nígbà tó yá ó sú wọn. Maria ló rí i pé ó ti sú wọn, òun ló ní kí ọkọ òun wọ inú àpótí, ọjọ́ 22 March 1621 ni wọ́n gbé e jáde báyẹn, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, Elsje van Houwening, jókòó ti àpótí lórí ọkọ̀ ojú omi títí dé Gorinchem, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ní Gorinchem bàbá yẹn múra bí bíríkìlà, ó gba ibẹ̀ lọ sí Antwerp, ó gba Antwerp lọ sí Paris. Maria ló dúró sẹ́yìn lẹ́wọ̀n, wọ́n sì dá a sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọkọ ni gbogbo ayé mọ orúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi àwọn obìnrin méjèèjì yẹn ló jà á.

Tó bá jẹ́ ibi tẹ́ ẹ máa jókòó jẹun, tẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ rìn gbẹ̀rẹ̀ lẹ fẹ́, Woudrichem ni. 1356 ló gba àṣẹ ìlú, kò sì tóbi, ẹ lè rìn yí gbogbo orí odi ẹ̀ po kí kọfí yín tó tutù tán. Ilé pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tó fara mọ́ra, ọlọ atẹ́gùn lórí odi, àwọn ọkọ̀ ojú omi onígbòkun àtijọ́ lébùúté, àti ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ki pọ́pọ́ láìní ṣóńṣó, tí àwọn ará ìlú fi ń bú u ní ìkòkò mọ́sítádì. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ibodè, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sójú ọ̀nà ẹ̀ kò bá ìdí aláìmọ́ra lára mu.

Èmi á yan Woudrichem, ma á wá wo Loevestein láti òkèèrè. Ẹni tó bá ní ọmọ lọ́wọ́, kó yan Loevestein, ọmọ ò ní gbàgbé àpótí yẹn.

ÌBÉÈRÈ: November ni mo máa wà níbẹ̀ o, ṣé ọ̀nà yìí ṣì ṣe é gbà? (Sista kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Fẹ́rì kékeré Loevestein yẹn, ìgbà ooru ló ń ṣiṣẹ́ jù, tí òtútù bá ti wọlé kì í sí mọ́, tẹ́ ẹ bá sì ti Brakel débẹ̀ tí fẹ́rì ò sí, ẹ máa ní láti yí gba Andel kẹ́ ẹ tó lè sọdá odò Maas, ọ̀nà yẹn jìn, ilẹ̀ sì tètè ń ṣú lóṣù yẹn. Ẹ mú ti Gorinchem sí Woudrichem nìkan, kẹ́ ẹ wo aago fẹ́rì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ gun dáìkì dé Fort Vuren kẹ́ ẹ sì padà lójú ọ̀nà kan náà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Kì í ṣe ti fáàrí o, èyí tó nípọn.